Píìnì Màámi àti Ooru Abẹ́ Ilẹ̀

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa Ìlú Ọba kí n tó kúrò nílé, òtútù ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ooru. Ní àdúgbò wa ní Igbó-Elérin, kò sí ẹni tó ti débẹ̀ rí nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń han ènìyàn léèmọ̀. Obìnrin tó ń ta òkìríkà níwájú ilé wa fún mi ní kóòtù kan tó wúwo jù mí lọ. Màámi, tó ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, gé bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi rán yẹ̀rì fún mi. Mo gbé e wá. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi títí dòní, òun la fi ń wé ìkòkò ìrẹsì kó má baà tutù.

Òtútù náà wà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó bá mi fínra ní oṣù tí mo dé, mo sì rò pé mo ti rí gbogbo ohun tí ìlú náà lè fi ṣe mí. Àfìgbà tí oṣù kẹfà wọlé. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, ni atẹ́gùn gbígbóná kan bá fẹ́ gòkè wá pàdé mi láti inú ihò, ó ń rùn bí irin àti eruku. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ń jó nísàlẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn kí n lè bá àwọn èèyàn sá. Kò sẹ́ni tó mira. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi ń yán.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Níbi tí mo ti wá, ìròyìn ni tíréènì. Láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ó máa dé Okokomaiko. A máa ń wo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láàárín títì márosẹ̀ Badagry, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, a máa ń yan ibi tí oníkálukú yóò jókòó sí. Ó dé Mile 2, wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi ò dúró dè é. Mo lọ pàdé tíréènì nílé ẹlòmíràn, lábẹ́ ilẹ̀, nínú ooru.

Mo sọ fún Màámi lórí fóònù lọ́jọ́ náà pé ooru ń mú mi.

"Ooru wo?" ó ní. "Ní Lọ́ńdọ̀nù? Ibà ló ń ṣe ẹ́. Lọ lo oògùn."

Kò gbà mí gbọ́. Bó bá ti pè mí, ìbáà jẹ́ nígbà tí oòrùn ń yọ́ ọ̀dà lójú títì, ìkíni rẹ̀ kì í yí padà: "O kú òtútù o." Èmi náà á ní, "Ẹ ṣé, mà."

*

Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ ni mo rí ṣe, ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan láàárín ìlú. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá wa wà, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ kan tó gùn bí bẹ́ǹṣì la fi ń lọ aṣọ ibùsùn. Ẹni méjì á tì í wọlé níbí, ẹni méjì á gbà á lọ́hùn-ún, ooru omi gbígbóná á sì máa fẹ́ sí wa lójú. Ooru áyọ́ọ̀nù kì í ṣe àjèjì sí ọmọ aránṣọ. Ní ṣọ́ọ̀bù Màámi, bí kò bá sí iná, áyọ́ọ̀nù eléèédú la ń lò, èmi ni mo sì ń fẹ́ èédú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé, bí mo bá parí, mo máa ń bọ́ síta, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí mi. Níhìn-ín, láti inú ooru ibi iṣẹ́ ni mo ń bọ́ sínú ooru ọkọ̀.

Àwọn tíréènì kan wà tó ní ésì, ẹ̀rọ amúlétutù. Tèmi ò ní. Mo wá kọ́gbọ́n. Mo máa ń gbé ike omi sínú fírísà mọ́jú, n ó fi ìnujú wé e, n ó gbé e lé ẹ̀yìn ọrùn. Mo mọ ojú ibi tó yẹ kí n dúró sí lórí pèpéle, kí ilẹ̀kùn lè ṣí síwájú mi gẹ́lẹ́, kí n sì bọ́ sábẹ́ fèrèsé kékeré tó wà nípẹ̀kun kóòṣì, ìyẹn yàrá ọkọ̀ náà, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé bí ọkọ̀ bá ń sáré. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ibẹ̀ gbà, inú mi dùn bí ẹni tó ra ilẹ̀ ní Ìbà lẹ́bàá ilé wa.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe ooru, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ní Igbó-Elérin, bí wọ́n bá mú iná lọ nírọ̀lẹ́ tí ooru sì gorí ilé, kò sẹ́ni tó ń dá ooru tirẹ̀ jẹ. Gbogbo ilé á tú síta. "Ẹ kú ooru o!" "Ooru yìí mà ga o!" Bàbá onílé á gbé bẹ́ǹṣì jáde, àwọn obìnrin á tẹ́ ẹní, ẹnìkan á máa bú àwọn oníná, ẹlòmíràn á máa fi pépà fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí èyí tó dín ooru náà kù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti pín in láàárín ara wa.

Nínú tíréènì yìí, òógùn ń ṣàn lójú gbogbo wa, a fara kan ara wa débi pé mo mọ òórùn ọṣẹ ẹni tó dúró tì mí, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé ooru mú. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo wọlé, mo kí gbogbo kóòṣì káàárọ̀ lédè òyìnbó, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ọkùnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà, inú ni mo ti ń kí wọn. Bí mo bá ti wọlé, n ó ní "Ẹ kú ooru o" láìla ẹnu, n ó sì dá ara mi lóhùn.

*

Lọ́dún kejì ni mo lóyún. Kí ẹ tó bá mi yọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àkọ́kọ́.

A ṣì wà nílé nígbà yẹn, èmi àti ọkọ mi ń gbé yàrá kan ní Okokomaiko, tí a máa ń pè ní Okoko. Ayọ̀ ò jẹ́ ká lè pa á mọ́ra, a sọ fún gbogbo èèyàn. Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń pè mí ní ìyá ìkókó, Màámi ti ń kó àjákù áńkárá jọ láti fi rán aṣọ kékeré. Ó bàjẹ́ mọ́ mi lára kó tó hàn dáadáa. Ohun tó wá dùn mí jù lẹ́yìn náà ni àwọn tí kò tíì gbọ́. N ó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi lójú ọ̀nà, ẹnìkan á wo ikùn mi, á rẹ́rìn-ín, n ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Màámi gbà pé ẹnu ayé ló fà á. Èmi ò mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò lè ṣe irú àlàyé yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, nígbà tí mo pè é láti sọ pé òmíràn ti dé, kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Màámi, mo ti..."

"Pa ẹnu mọ́! Mo ti gbọ́. Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Ọkọ mi nìkan ni."

"Alihamudulilahi. Láti òní lọ, a ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́. Àlejò la ó máa pè é. Ṣó yé ẹ?"

Ó yé mi. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kí mi "O kú òtútù o" tán, á rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí gbogbo Igbó-Elérin ń gbọ́ ọ, á ní, "Àlejò ńkọ́?" N ó ní, "Ó wà, mà." Ó tán. Kò bi mí bí ó ṣe ń mira, kò bi mí bí ikùn ṣe tóbi tó. Mo mọ̀ pé ó ń wù ú láti bi mí. Mo máa ń gbọ́ ọ bó ṣe ń mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ni ti píìnì. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, aboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan, bó bá sì jẹ́ pé ó di dandan, á fi píìnì há etí aṣọ rẹ̀, kí ohun burúkú tó ń rìn kiri nínú oòrùn má baà yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá kì í ṣe òótọ́. Èmi ò rí aboyún kan ní Igbó-Elérin rí, ìbáà jẹ́ onímọ́ṣáláṣí ìbáà jẹ́ aláṣọ funfun, tí kì í fi í. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Màámi yọ ọ̀kan lára àwọn píìnì iṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń fi há àyà bùbá, ó sọ ọ́ sínú pọ́ọ̀sì mi. Mo mọ ohun tó fi ń sọ.

"Ṣé o ti fi nǹkan yẹn sí i?" ó bi mí wàyí.

"Ó wà létí aṣọ mi, mà. Ṣùgbọ́n Màámi, abẹ́ ilẹ̀ ni mo máa ń wà lọ́sàn-án. Oòrùn ò débẹ̀."

"Abẹ́ ilẹ̀?" ó ní. "Ta ló ń gbé abẹ́ ilẹ̀, bí ò ṣe òkú? Fi méjì sí i."

*

Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi ní hóspítù jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fẹ́ràn ẹ̀rín. Nígbà tí mo sọ fún un bí ooru tíréènì ṣe ń ṣe mí, ó ṣí àpótí, ó mú báàjì funfun rogodo kan jáde. Àwọn rélùwéè ló ń fún aboyún, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ọmọ wà nínú ọkọ̀. Ó ní kí n fi sáyà, pé ẹni tó bá rí i á dìde fún mi.

Mo sọ fún Màámi nírọ̀lẹ́. Ǹ bá má sọ ọ́.

"Báàjì? Kó o máa gbé e kiri, kó o máa polongo fún àwọn tó ò mọ̀ rí? Ṣé o ti gbàgbé Okoko ni?"

Mi ò gbàgbé Okoko. Báàjì náà wọ inú dúrọ́ọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lé aṣọ mi kí ikùn má baà hàn, mo sì fi píìnì Màámi há etí rẹ̀.

Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó máa ń rí onírúurú èèyàn, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. "Àwọn òyìnbó tó ń kàwé nínú tíréènì yẹn ló fẹ́ ṣe ẹ́ ní nǹkan?" ó ní. "Wọn ò tiẹ̀ wojú ẹ."

"Tí wọn ò bá wojú mi, kí ni báàjì fẹ́ ṣe fún mi nígbà náà?"

Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ike omi méjì sínú fírísà dípò ẹyọ kan.

Ooru ọdún náà kì í ṣe eré. Láàárọ̀ ni wọ́n ti ń kéde lórí ẹ̀rọ ní ibùdókọ̀ pé ká gbé omi dání, pé kí ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá tètè sọ̀ kalẹ̀. Èmi ń dúró. Nígbà mìíràn tí mo bá tilẹ̀ rí àga, bí arúgbó kan bá wọlé báyìí, n ó ti dìde kí n tó rò ó. Wọ́n ti nà mí nítorí ìyẹn ní kékeré. Ẹsẹ̀ mi ti mọ̀ ọ́n ju orí mi lọ. Àwọn arúgbó ibẹ̀ á dúpẹ́, wọ́n á jókòó, èmi tí mo ru ẹrù á wá dúró tì wọ́n, n ó máa fi ọwọ́ kan di irin mú, n ó fi ìkejì di ṣẹ́ẹ̀tì mú mọ́ ikùn. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́. Mo máa ń sọ fún àlejò pé kó jọ̀ọ́, kó má bínú, kó bá mi fara dà á dé ilé.

*

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo jókòó. Bàbá òyìnbó kan tẹ̀pá wọlé, mo dìde fún un, ó jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tíréènì náà rọra ń falẹ̀, ó sì dúró sínú ihò gbáà.

Bí ọkọ̀ bá ti dúró, atẹ́gùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé tán nìyẹn. Awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ká mú sùúrù, pé ọkọ̀ kan ló wà níwájú. A mú sùúrù. Aṣọ lẹ̀ mọ́ wa lára. Yìnyín inú ike mi ti yọ́ tán. Mo gbọ́ tí etí mi ń hó, òòyì ń kọ́ mi, iná orí àjà ń di méjì méjì. Ohun tí mo ń rò ò ju ẹyọ kan lọ: mi ò gbọdọ̀ ṣubú, mi ò gbọdọ̀ fi ikùn lélẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

"Ìyàwó."

Mo rò pé orí mi ti ń dàrú.

"Ìyàwó, ìwọ ni mò ń bá wí. Wá jókòó."

Màmá arúgbó kan ni, ó wà níjòókòó ìkẹyìn, ó dé fìlà òyìnbó, ó fi ẹsẹ̀ di báàgì ọjà onítáyà kan mú. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti rí i, mo ṣe bí ará Jàmáíkà ni. Ó ń rọ́jú dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," mo ní. "Mi ò lè jókòó kí ẹ̀yin wá dúró."

"Ta ló ń bá ẹ ṣe ẹ̀kọ́ ilé níbí? Mo ní wá jókòó!" Ó nawọ́, ó tọ́ka sí etí ṣẹ́ẹ̀tì mi, níbi tí píìnì Màámi wà. "Ṣó o rò pé mi ò mọ ohun tíyẹn ń sọ ni?"

Ẹsẹ̀ mi ló gbà fún un. Mo jókòó, tàbí kí n sọ pé mo bọ́ sórí àga náà. Ó gba ike omi lọ́wọ́ mi, ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa mí lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́. Ó tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì náà láìgba àṣẹ, ikùn mi sì yọ síta níṣojú gbogbo kóòṣì.

Kí n sọ òótọ́, ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé gbogbo wọn ń wò wá, wọn ò sì wò wá ní ìwòkuwò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fò dìde fún Màmá. Bàbá tó tẹ̀pá wọlé náà fẹ́ dìde, a bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Obìnrin kan na fáànù kékeré oníbátìrì sí mi, pépà ìròyìn sì dé ọwọ́ Màmá láti ibi tí mi ò mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ mi. Ẹnìkan ní ooru yìí mà kúkú pọ̀. Òmíràn ní ó burú ju ti àná lọ. Ẹnìkan bú àwọn rélùwéè, àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ wọn, mo ní, ẹ wò ó o, Igbó-Elérin rèé.

"Oṣù mélòó?" Màmá bi mí.

Mi ò tíì dáhùn ìbéèrè yẹn fún ẹnikẹ́ni lédè Yorùbá rí. "Ó ti wọ oṣù keje, mà."

"Ta ló ní kó o bo ara ẹ mọ́lẹ̀ báyìí nínú ooru? Ṣé wọn ò fún ẹ ní báàjì ni?"

"Wọ́n fún mi, mà. Màámi ni wọn ò fẹ́ kí n lò ó. Èyí tó ṣáájú..."

Mi ò lè parí ẹ̀. Kò sì ní kí n parí ẹ̀. Ó ń fẹ́ mi lọ.

"Màmá ẹ ò jẹ̀bi," ó ní. "Èmi náà fi píìnì bí tèmi nílùú yìí, mẹ́ta, wọ́n wà láyé. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo rí píìnì yìí lónìí, nítorí pé mo mọ̀ ọ́n. Èmi kì í sì í wọ tíréènì yìí lójoojúmọ́."

Mo bú sẹ́kún. Ibẹ̀ náà ni tíréènì ti mì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, atẹ́gùn gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo kóòṣì sì mí kanlẹ̀.

Ó bá mi sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibi tó ń lọ. Ó bá mi jókòó síta lábẹ́ igi kan títí ọkọ mi fi dé. Ó gbàdúrà lórúkọ Jésù pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Èmi ọmọ mùsùlùmí ṣe àmín tó ròkè. Ará Ṣàgámù ni, ìyẹn ló sọ. Wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọdé kì í bi àgbà léèrè orúkọ, nítorí náà mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ó sì ń dùn mí.

*

Hóspítù la gbà lọ tààrà, nítorí pé láti inú tíréènì ni àlejò ò ti mira mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún Màmá yẹn, mi ò lè la ẹnu sọ ọ́. Agbẹ̀bí mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó gbé ẹ̀rọ lé mi níkùn, ó ń wá a síhìn-ín, ó ń wá a sọ́hùn-ún. Ọkọ mi di ẹsẹ̀ mi mú bí ẹni pé mo fẹ́ sá lọ. Lójijì, a gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ ń lù kì kì kì kì, kíákíá, láìsinmi, bí ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀la tí aṣọ oníbàárà ò tíì parí.

Mo pe Màámi láti orí bẹ́ẹ̀dì náà. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ooru, ihò, píìnì, Màmá ará Ṣàgámù. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ẹni tó dìde fún ẹ yẹn," ó ní, "ó dàgbà jù mí lọ?"

"Ó dàgbà jù yín lọ dáadáa, mà."

"Ọlọ́hun má jẹ́ kí àgbà dìde fún ọmọ mi mọ́." Ó ṣe àmín fúnra rẹ̀. "Báàjì tó o sọ nígbà yẹn, ṣé o ti sọ ọ́ nù?"

"Ó wà nílé."

"Kí ni wọ́n fi ń mú un mọ́ aṣọ?"

Ìbéèrè aránṣọ ni. Ọkọ mi ló fèsì, nítorí pé òun ti mú báàjì náà sápò láti ọjọ́ tí mo ti kọ̀ ọ́, mi ò sì mọ̀. Ó fà á yọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó gbé e sún mọ́ fóònù bí ẹni pé Màámi lè rí i.

"Píìnì ni, mà," ó ní. "Píìnì ló wà lẹ́yìn ẹ̀."

Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí Màámi ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ láti ìgbà tí a ti wà ní Okoko.

"Píìnì! Tẹ́ ẹ ò sì tètè sọ! Èmi ṣe bí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ni. Àṣé àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n, wọ́n kàn kọ nǹkan sí i lórí ni. Fi í sí i! Iwájú ni kó o fi í sí o, kò sóhun tó ń jẹ́ etí aṣọ. Tèmi náà, má yọ ọ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. "Ooru yẹn mú ẹ gan-an, àbí?"

"Ó mú mi, Màámi."

"Ẹ̀ẹ́yà. O kú ooru o, ọmọ mi. Kí ọmọ náà kú ooru."

Ọmọ, ó ní. Mo fi fóònù lé ikùn kí òun náà lè gbọ́ ọ.

*

Mo lo báàjì náà títí mo fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń dìde, àwọn kan á sùn lójijì bí wọ́n bá ti rí mi. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan á gbé ojú sókè nínú ìwé, á rí i, á dìde, n ó sì jókòó, bí arúgbó tilẹ̀ dúró. Ìyẹn ò rọrùn fún mi láti kọ́. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ará ibì kan ni ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n mọ ìyá rẹ̀ àti ilé rẹ̀. Nínú tíréènì yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Wọ́n kàn mọ̀ pé mo ru nǹkan tó ṣeyebíye, wọ́n sì ń ràn mí lọ́wọ́ láti gbé e délé. Ó ti tó mi fún ìbẹ̀rẹ̀.

Obìnrin ni mo bí, nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó ké, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n gbọ́ tèmi. Màámi rí i lórí fóònù, ó sunkún, ó yin Ọlọ́hun, ó ní kí n yí ọmọ náà sápá ọ̀tún, kí n yí i sápá òsì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Fi báàjì yẹn ránṣẹ́ sí mi."

Mo rò pé ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí ni. Mo fi rán ẹnìkan tó ń lọ sí Èkó. Kò pẹ́ tí àwòrán wọlé sórí fóònù mi: Màámi nídìí ẹ̀rọ ní Igbó-Elérin, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀, àwọn píìnì iṣẹ́ láyà bùbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wà, báàjì funfun rogodo náà sì wà láàárín wọn. Mo pè é.

"Màámi, ẹ yọ ọ́, aboyún ló wà fún!"

"Yọ kí ni? Mo gbé e lọ sí ẹ̀sìteètì Ìbà lónìí, mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa kà á, ó ní, 'Màmá, wọ́n ní ọmọ wà nínú ọkọ̀, ọmọ náà dà?' Mo ní ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní obìnrin ni, mo ní imú mi ló gbé. Mo sọ fún gbogbo àwọn tá a jọ wọ kẹ̀kẹ́. Nígbà tá a fi máa dé géètì, wọ́n ti bá mi dúpẹ́ tán."

Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. "Màámi, ẹnu ayé wá ńkọ́?"

"Kí ayé gbọ́," ó ní.